Òkúta Tí Ó Pe Ààwẹ̀ Ní Ọtí

"Ọtí kọ́," ni ẹ̀rọ náà wí.

Ìbíyẹmí dí ẹnu ìgò tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà, ó fi aṣọ fẹ́lẹ́ nu ojú òkúta tuntun náà, ó sì fọwọ́ kan abọ́ yìnyín tí òkúta náà jókòó lé, bóyá ó ti ń yọ́. Kò yọ́. Òkúta tí a bá fi irin pa láró kì í ṣiṣẹ́ dáadáa àfi bí ó bá tutù rinrin, èyí sì tutù débi pé ìrì ń sẹ̀ sí i létí. Kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀. Ó tún ṣí ìgò náà díẹ̀, ó jẹ́ kí èémí inú rẹ̀ wọ ihò Awòèémí, ẹ̀rọ tí ń ka èémí ènìyàn, lọ.

"Ọtí kọ́," ni ẹ̀rọ náà tún wí, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ bí ti olùkọ́ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. "Èémí ààwẹ̀ ni. Ẹni tí ó mí èyí, ó ti pẹ́ tí oúnjẹ ti kan ẹnu rẹ̀."

Obìnrin náà jókòó sórí àpótí irinṣẹ́, ó gbé ìgò náà lé itan. Òǹtẹ̀ pupa ti Ìgbìmọ̀ Àwọn Alàgbà wà lọ́rùn ìgò náà, wọ́n sì kọ orúkọ sí i lábẹ́: Lánlẹ́hìn, Olùdáná Ìléru. Èémí arúgbó náà ni wọ́n gbé pamọ́ síbẹ̀ ní ọjọ́ tí Awòèémí ẹnu ọ̀nà ìléru pè é ní ọ̀mùtí láàrin ààwẹ̀. Ìdájọ́ rẹ̀ ni pé kí ó sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí Òkè Ìmísí títí láé, kí ọkọ̀ tí ó bá wá kó òkúta gbé e lọ sí Etí Òkun, níbi tí kò ti mọ ẹnìkan. Òní ni ọkọ̀ náà ń bọ̀.

Kì í ṣe pé Ìbíyẹmí ń wá òtítọ́ nígbà tí ó mú ìgò náà. Ì bá ṣe pé bẹ́ẹ̀ ni, ì bá sàn fún un. Ó fẹ́ dán òkúta irin tuntun wò ni, ó sì ń wá èémí tí ọtí pọ̀ nínú rẹ̀. Kò sí irú rẹ̀ lórí òkè náà, nítorí wọn kì í mu ọtí níbẹ̀. Ó wá mú èémí Bàbá Lánlẹ́hìn bí ẹni mú àkísà láti fi nuwọ́.

"Màmá Aláró, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ kú ebi o!"

Ṣíjúadé, aṣọ́nà ìléru, ni ó yọrí wọlé. Kò dúró kí wọ́n dá a lóhùn.

"Ọkọ̀ ti dé o. Awakọ̀ ń béèrè ibi tí ọ̀mùtí wà. Mo fi Bàbá hàn án níbi tí wọ́n jókòó sí pẹ̀lú àpò wọn. Ó ní irọ́ ni mò ń pa. Ó ní ọ̀mùtí tí òun mọ̀ kì í jókòó gbọọrọ báyẹn."

"Kí ni Bàbá wí?"

"Wọn ò wí nǹkan kan. Wọ́n kí i kú ọ̀nà ni." Ṣíjúadé fọwọ́ gbá ikùn ara rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbàdúrà kí a ṣí ìléru. Ebi ti fẹ́ pa mí kú. Ìfun mi ń lọ́ mọ́ra wọn bí okùn."

Ìbíyẹmí wò ó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ṣíjúadé kún, ó ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á. Ó ronú kan àwọn yòókù tí wọ́n jọ ń gbààwẹ̀, ó ń kà wọ́n lọ́kàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbogbo wọn ni ó kún. Ti Bàbá Lánlẹ́hìn nìkan ni ó ti wọlé lọ bá egungun.

"Sọ fún awakọ̀ kí ó má tíì gbé ẹnikẹ́ni," ni ó wí.

"Ha! Kí ló dé, Màmá?"

"Sọ fún un bí mo ṣe wí."

Nígbà tí Ṣíjúadé ti ilẹ̀kùn padà, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ń wò ó.

Láti ìgbà Ikọ́ Ńlá, tí àìsàn ń gba ẹnu ẹnìkan bọ́ sí imú ẹlòmíràn títí tí ilé fi ń ṣófo, kò sí ilé ìwòsàn, kò sí ọjà, kò sí ilé ìjọsìn tí Awòèémí kò dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Lórí Òkè Ìmísí ni wọ́n sì ti ń ṣe òkúta tí ó jẹ́ ojú fún un. Wọ́n á po síǹkì mọ́ sẹlẹ́níọ̀mù títí yóò fi di òkúta aláwọ̀ ìyeyè, wọ́n á dì í sínú ọ̀pá gíláàsì pẹ̀lú ìyẹ̀fun irin tàbí ti kúrómù, wọ́n á sì fi í sínú ìléru, kí irin náà máa wọ inú òkúta díẹ̀díẹ̀ bí aró ti ń wọ inú aṣọ. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti tan iná títí di ìgbà tí wọ́n bá ṣí ìléru, omi nìkan ni àwọn aláró ń mu. Àwọn tó dá ibùdó náà sílẹ̀ wí pé ẹni tí ń ṣe ohun tí ẹ̀mí ọmọ aráyé dúró lé, kò gbọdọ̀ fi ikùn kíkún ṣe é.

Ìbíyẹmí ni olórí aláró, ó sì jẹ́ díákónì ìjọ wọn. Òun ni ó ń kéde ààwẹ̀ náà.

Òun náà ni ó sì yọ́ wọ ilé ìdáná àwọn ọmọdé, tí wọn kì í gbààwẹ̀, ó sì jẹ mọ́ínmọ́ín wọn ní ìdúró, láìlo ṣíbí. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọwọ́ òun ń gbọ̀n, pé ọwọ́ tó ń gbọ̀n yóò ba òkúta jẹ́. Ní ọjọ́ kejì ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n, ó tún lọ. Bí ó ti ń jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò èémí, tí ó ń nu ẹnu, ta ni ó pàdé bí kò ṣe Bàbá Lánlẹ́hìn? Arúgbó náà rẹ́rìn-ín sí i. "Ọmọ mi, ààwẹ̀ yìí bá ọ lára mu o," ni ó wí. "O ń dán." Àwàdà ni. Ṣùgbọ́n bí ẹni ń sá lọ tí ẹnìkankan kò lé, ọkàn Ìbíyẹmí fò sókè, ó sì gbà pé arúgbó náà ti mọ̀.

Ìgbà tí wọ́n wá tò sẹ́nu ọ̀nà ìléru, tí ẹnìkọ̀ọ̀kan ń mí sí ihò Awòèémí, gbogbo àwọn tó kù kọ ẹ̀yìn, nítorí ìwà ọmọlúàbí ni pé kí a má wo ojú ẹni tí wọ́n ń ka èémí rẹ̀. Olórí aláró nìkan ni kì í kọ ẹ̀yìn. Ó gbọ́ bí ẹ̀rọ náà ti ń wí pé, "Mímọ́. Mímọ́." Ó kan òun náà: "Mímọ́." Ó gba ọ̀rọ̀ náà bí ẹni gba ìdáríjì. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Lánlẹ́hìn mí, tí ẹ̀rọ náà wí pé, "Ọtí."

Ìtura ni ohun tí ó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Ìyẹn ni kò lè gbàgbé báyìí. Kí àánú tó dé, kí ìyàlẹ́nu tó dé, ìtura ni ó kọ́kọ́ dé: ẹni tí ó mọ àṣírí òun ti di ẹlẹ́ṣẹ̀, ta ni yóò gbà á gbọ́? Ó sì ké sókè, "Ọ̀mùtí!" níṣojú gbogbo ìjọ. Òfin wọn ní kí ẹlẹ́rìí méjì dúró kí a tó dá ènìyàn lẹ́bi, òkúta kúrómù àti òkúta irin. Òkúta irin ẹnu ọ̀nà sì ti sán láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó yẹ kí ó wí pé, ẹ jẹ́ kí a dúró de tuntun. Ohun tí ó sọ fún ìgbìmọ̀ ni pé, "Òkúta tí mo fi ọwọ́ ara mi pa láró kò lè purọ́."

Ó gbé ìgò náà, ó lọ bá Alàgbà Adéṣọ̀kàn, olórí ìgbìmọ̀, tí ó ń wọ agbádá funfun rẹ̀ fún àdúrà tí a fi ń ṣí ìléru.

"Bàbá Lánlẹ́hìn kò mu ọtí, sà," ni ó wí. "Ààwẹ̀ wọn ni òkúta wa pè ní ọtí."

"Ògo ni fún Ọlọ́run!" Alàgbà na ọwọ́ méjèèjì sókè, omi sì lé sí i lójú, kì í ṣe ẹ̀tàn, inú rẹ̀ dùn lóòótọ́. "Mo sọ fún ìyá àwọn ọmọ mi! Mo ní ọkùnrin yẹn kò lè ṣe é. Kí ló wá ṣe òkúta?"

"Ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kò rí ni òkúta kúrómù ń tàn, sà, èyí tí ó wà lẹ́yìn pupa. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ mọ, ọtí àti èémí ààwẹ̀ jọra bí ìbejì. Òkúta irin ń tàn jìnnà jù ú lọ, dé ibi tí ìbejì náà ti pínyà. Ẹni tí kò bá jẹun, ara rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ̀rá ara rẹ̀, òórùn rẹ̀ a sì gba ẹnu jáde. Bí ààwẹ̀ náà bá ti jinlẹ̀ tó ni òkúta kúrómù yóò máa pè é ní ọ̀mùtí tó."

"Àṣé! Ìyẹn ni pé gbogbo ẹni tí ó bá gbààwẹ̀ dáadáa..." Ọwọ́ Alàgbà dúró lọ́rùn agbádá. Nígbà tí ó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Kí ni ó pè mí lọ́jọ́ náà?"

"Mímọ́, sà."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mímọ́."

Alàgbà jókòó sórí ibùsùn rẹ̀.

"Tíì ni," ni ó wí. "Tíì àti búrẹ́dì díẹ̀. Ẹ mọ̀ pé mo ní ọgbẹ́ inú."

"N kò bi yín, sà."

"Mo kàn ń sọ ọ́ ni." Ó gbójú sókè, ọ̀nà kan ti là sí i. "Òkúta a máa sán, àbí? Ẹ jẹ́ kí a wí pé òkúta ẹnu ọ̀nà sán. Bàbá yóò padà sílé rẹ̀, gbogbo ìjọ yóò yọ̀, awakọ̀ yóò máa lọ. Ta ni yóò béèrè? Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ, Díákónì."

Ọ̀rọ̀ náà sọ̀kalẹ̀ sínú Ìbíyẹmí bí omi tútù. Ó rí i pé ó ṣeé ṣe. Ọ̀rọ̀ kan péré, tí kò tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ irọ́, arúgbó náà á bọ́ nínú ìyà, kò sì sí ẹni tí yóò mọ ohun tí olórí aláró jẹ ní ìdúró nínú ilé ìdáná. Ó ti la ẹnu láti wí pé, "Ó dára, sà." Ohun tí ó jáde yàtọ̀.

"Àwọn òkúta tí a ti fi ránṣẹ́ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ńkọ́, sà? Òkúta kúrómù bí ti ẹnu ọ̀nà ni gbogbo wọn, a kò fi òkúta irin tì wọ́n."

"Kí ló ṣe wọ́n?"

"Ẹni tí àtọ̀gbẹ bá dá dùbúlẹ̀, èémí rẹ̀ jọ ti ààwẹ̀. Wọ́n á gbé e dé ilé ìwòsàn, òkúta wa á pè é ní ọ̀mùtí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní kí wọ́n gbé e lọ sílé kí ojú rẹ̀ lọ dá. Ilé ni yóò kú sí. Bí a bá wí pé ẹyọ kan sán, wọn yóò máa lo àwọn tó kù nìṣó."

Alàgbà fi agbádá nu ojú. "Ẹ ó dójú tì wá, Díákónì. Níwájú awakọ̀ Etí Òkun."

"Ojú ti tì wá, sà. A kàn kọ ẹ̀yìn síra wa ni."

Ó jáde kí ọkàn rẹ̀ tó yí padà.

Ọkọ̀ Etí Òkun léfòó sí àgbàlá ìléru, kò kan ilẹ̀, ó ń kùn bí oyin. Àwọn aláró ti pé yíká. Bàbá Lánlẹ́hìn jókòó sórí òkúta kan lẹ́bàá ọkọ̀, àpò rẹ̀ wà láàrin ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wọ fìlà rẹ̀ dáadáa bí ẹni ń lọ sí ìsìn. Ìbíyẹmí lọ dúró níbi tí olórí aláró máa ń dúró sí. Wọ́n rò pé àdúrà ni yóò gbà, ọ̀pọ̀ ti di ojú wọn.

"Ẹ̀yin ará," ni ó wí, "àṣìṣe kan wọ inú òkúta..." Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí ó ti ń sá lọ fara pamọ́ sẹ́yìn òkúta. Ó dúró. "Mo jẹun."

Àwọn tó di ojú là á.

"Kí ló wí?" ni ẹnìkan béèrè lẹ́yìn.

"Ó ní òun jẹun."

"Jẹ kí ni?"

"Mọ́ínmọ́ín àwọn ọmọdé," ni Ìbíyẹmí wí. "Láàrin ààwẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan."

"Ẹ́n-ẹ́n!" Ìyá tó ń dáná fún àwọn ọmọdé fò síwájú, kò ráyè kọ́kọ́ bọ̀wọ̀. "Ẹ̀yin ni, Màmá? Mo ti na ọmọ mi Àríkẹ́ nítorí rẹ̀! Ọmọ náà ń búra, mo tún ń lù ú!"

Ìbíyẹmí kò mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ó rò pé òun ti ka gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ náà tán; ọ̀kan tún wà níbẹ̀ tí ń sunkún. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbóná àgbàlá náà, ibẹ̀ ni ó sì ti sọ ìyókù: ọ̀rọ̀ àwọn ìbejì, ìgò olóǹtẹ̀ pupa, òkúta irin tí ó wí pé ọtí kọ́, àti àwọn aláìsàn tí òkúta wọn ń lé padà lẹ́nu ọ̀nà. Ó bẹ awakọ̀ náà pé kí ó kó ìròyìn lọ ṣáájú òkúta, kí wọ́n yọ gbogbo èyí tí ó ti ọwọ́ òun jáde láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí ó sọ pé ẹni tí ààwẹ̀ rẹ̀ jinlẹ̀ ni òkúta náà dá lẹ́bi, ó rí i bí òye ti ń wọ inú àwọn ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣíjúadé fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọkùnrin kan tí ó ti ń fi ohùn rara wí pé irú ìwà wo lèyí, kò parí ọ̀rọ̀ náà.

Alàgbà Adéṣọ̀kàn la àárín wọn kọjá. Ó ṣí fìlà, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó kúnlẹ̀.

"Èmi náà," ni ó wí.

Bàbá Lánlẹ́hìn kò tíì dìde. Ó ń wo Ìbíyẹmí, ẹnu rẹ̀ yà díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n pè lójú oorun.

"Ṣé kì í ṣe ti ìgbà èwe mi ni ó rí?" ni ó béèrè.

"Èwo, Bàbá?"

"Ọtí." Ó fọwọ́ tọ́ àyà rẹ̀. "Kí n tó mọ Olúwa, mo mu ọtí o. Mo mu ún débi pé ìyá mi ń jókòó sílẹ̀ sunkún. Nígbà tí ẹ̀rọ yẹn sọ̀rọ̀, mo wí lọ́kàn mi pé, ó ti rí i. Ó ṣẹ́kù nínú mi. Gbogbo ọdún wọ̀nyí tí mo rò pé a ti wẹ̀ mí mọ́, ó ṣẹ́kù."

"Bàbá, ẹ má wí bẹ́ẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí kò dùn mí. Àgbà tí kò ní nǹkan kan, ibi gbogbo ni ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ ni o wí pé òkúta rẹ kò lè purọ́, mo sì gbà ọ́ gbọ́. Mo ti ń bẹ Ọlọ́run láti ọjọ́ náà pé kí ó dárí ohun tí ó ti dárí jì mí jì mí. Mo pe Ọlọ́run mi ní ẹni tí kò parí iṣẹ́ rẹ̀, Ìbíyẹmí. Ìyẹn ni o ṣe fún mi."

Ìbíyẹmí ti rò pé ilé arúgbó náà ni òun fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ̀ pé ọwọ́ òun ti wọ inú lọ jù bẹ́ẹ̀. Ó dojú bolẹ̀ pátápátá, eruku àgbàlá sì lẹ̀ mọ́ omijé lójú rẹ̀.

Ó pẹ́ kí ó tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Arúgbó náà di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ tí kò ní agbára mọ́, ó ń fà á.

"Dìde. Mo dárí jì ọ́. Má bi mí bóyá ó ti tán nínú mi, kò tíì tán. Ṣùgbọ́n mo ti dárí jì ọ́." Ó yíjú sí ìléru, ó tẹ́tí sí i bí ẹni ń gbọ́ ọmọ tó ń sùn. "Ó ti ń tutù jù. Bí a bá pẹ́ sí i, òkúta inú rẹ̀ yóò sán. Gbàdúrà kí a ṣí i."

"Ẹ̀yin ni ó yẹ, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́. Mi ò yẹ mọ́."

"Ẹnu tí ó pè mí ní ọ̀mùtí ni mo fẹ́ kí ó gbà á."

Ó dìde, ó dojú kọ ilẹ̀kùn ìléru. Gbogbo wọn tẹrí ba, àti Alàgbà, àti Ṣíjúadé, àti ìyá Àríkẹ́ tí inú ṣì ń bí. Awakọ̀ Etí Òkun pàápàá pa ọkọ̀ rẹ̀. Ìbíyẹmí, tí àwọn àgbàlagbà máa ń pààrọ̀ ẹsẹ̀ bí ó bá ń gbàdúrà nítorí pé kì í tètè parí, la ẹnu. Ó wá ọ̀rọ̀ kan tí ó mọ́ tó láti kọ́kọ́ gbé síwájú Ọlọ́run, kò rí. Ó tún wá a. Wọ́n dúró dè é, kò sí ẹni tí ó wúkọ́.

"Àmín," ni ó wí níkẹyìn.

"Àmín," ni wọ́n dáhùn, ohùn wọn kò ga, Bàbá Lánlẹ́hìn sì fọwọ́ lé irin ilẹ̀kùn náà, ó fà á.